Ọjọ́ Tí Mikail Wá Dúpẹ́ Oògùn

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá bi ọkọ mi ní ìbéèrè, èmi ni mo máa ń dáhùn. Bí wọ́n bá ní, "Bàbá Merveille, ṣé ẹ jí dáadáa?" èmi ni màá sọ pé wọ́n jí dáadáa, pé ẹ̀yìn ló kàn ń dùn wọ́n díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún la ti ń gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá mi wí rí àfi ìyá mi, tó ti lọ sọ́run báyìí. Ó máa ń ní, "Hortense, ọkọ rẹ kò yadi o. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Mi ò fi í rẹ́rìn-ín mọ́.

Epo ni mo ń ṣe. Oko ẹbí mi wà ní Issaba, ibẹ̀ la ti ń se ẹyìn tí a sì ń fún un, ṣùgbọ́n Pobè la ń gbé, nítorí pé Zacharie ọkọ mi ń wa tákísì láàárín Pobè àti Sakété. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi ń dì í, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ́ tónítóní. Á gé èékánná, á fọ eyín lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, bọ̀nbọ́n oní-mẹ́ńtì kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo máa ń fi bọ̀nbọ́n yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Mo máa ń bi í pé bàbá tó ń lá bọ̀nbọ́n, ìgbà wo ló fẹ́ dàgbà? Á rẹ́rìn-ín, á sì sọ òmíràn sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń lu agogo ní ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, a kì í sì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà. A kì í mutí. A kì í fẹnu kan sìgá. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni nípa ìyẹn láàárín wa, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í bi ẹja bóyá ó mọ̀wẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá Zacharie jí. Kì í ṣe ikọ́ ńlá, ikọ́ òwúrọ̀ lásán ni, gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tán. Lẹ́yìn náà ló ní iná ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ níwájú ń ta òun lójú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́, kí ló kù tó máa fi jẹun? Bí mo ti ń dá a rò nídìí epo mi, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá a rò ó lórí ẹní.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mùíbì, ará Ìlaró ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà Pobè ló máa ń ré ààlà kọjá, á tẹ́ àwọn oògùn tó ń fún ara lókun sórí tábìlì, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré sẹ́nu, á máa fi ohùn dídùn pe àwọn tó ń kọjá. Mùíbì kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ fún wa. Ó gbé ìgò kan sókè tí wọ́n ya kárọ́ọ̀tì sí lára, ó ní, "Ìyá, bẹ́tà-karotẹ́ẹ̀nì rèé. Ó ń la ojú, ó ń tún àyà ṣe. Oúnjẹ ni wọ́n kó sínú hóró, kì í ṣe oògùn. Ta ni oúnjẹ pa rí?"

Ìgò mẹ́ta ni mo rà. Mùíbì ní ẹyọ kan lóòjọ́. Mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe délé, mo rò ó pé bí ẹyọ kan bá dára, méjì á dára jù ú lọ, bí i pé iyọ̀ ni wọ́n ní kí n fi sọ́bẹ̀. Ẹyọ kan láàárọ̀ kó tó jáde, ẹyọ kan tó máa mú dání fún ìrọ̀lẹ́. Ti àárọ̀, ojú mi ló ti máa ń gbé e mì. Mo máa ń dúró tì í bí ìyá tó ń fún ọmọ lágbo.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ní òun fẹ́ fún ọ̀rẹ́ òun kan ní ìgò kan. Mikail ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, ọmọ Ìsẹ́yìn, mùsùlùmí tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì. Ọkọ mi ní ikọ́ ń ṣe Mikail náà. Inú mi dùn sí i. Mo ní, "Ẹ mú un fún un. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo fi ránṣẹ́ o." Ẹ wò ó, n kò fẹ́ kí oore mi ṣòfò. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Mikail dùbúlẹ̀ àìsàn, tí Mikail sì lọ sí Nàìjíríà láti lọ tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ tibí kì í wọlé lọ́hùn-ún. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó tó oṣù méjì tí Zacharie ti ń lo oògùn náà kí n tó rí ohun tí mo rí. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, a forí balẹ̀, àwọn ọkùnrin wà ní apá tiwọn. Mo la ojú díẹ̀ nígbà àdúrà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo mọ̀. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi láàárín àwọn àtẹ́lẹsẹ̀ yòókù. Ó pọ́n yòò. Bí i kó ti tẹ inú epo mi kọjá ló rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò náà nìyẹn. Inú bí mi. Mo ní ọkùnrin yìí ti lọ ti ẹsẹ̀ bọ agbada epo tí mo gbé sẹ́yìn ilé. A délé, mo bu omi gbígbóná, mo mú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Mo ha ẹsẹ̀, mo ha àtẹ́lẹwọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín pé ó ń yún òun. Àwọ̀ náà kò lọ.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọdún tó ṣáájú la sin Séverin, akọrin wa, ẹ̀dọ̀ ló pa á. Bí tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ pọ́n títí ó fi kú. N kò sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo ní kí Zacharie má gbé èrò kankan, èmi nìkan ni èrò rẹ̀, Sakété là ń lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Sakété, Yolande lorúkọ rẹ̀. Ita-Djèbou la ti tọ́ ọ dàgbà, ó lọ kàwé oògùn ní Kùtọnú, ó sì padà wá ṣí fáámásì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ pẹ́lẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá bi ọ́ ní ohun kan, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ títí wàá fi dáhùn. Ó rí wa, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Tantí, ẹ káàbọ̀. Tọ́ńtọ́n, ẹ káàbọ̀. Kí ló gbé yín wá ní kùtùkùtù?"

Mo ní, "Yolande, ọkọ mi ń kú lọ!"

Ó mú Zacharie jókòó, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi iná wò ó. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó bi í pé báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ìtọ̀ wọn mọ́ bí omi kànga. Ó bi í pé ṣé ó ń jẹun. Mo ní wọ́n jẹ ẹ̀bà lánàá, wọ́n tún béèrè sí i. Yolande rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí mi.

"Tantí, ẹ fọkàn balẹ̀. Apọ́njú kọ́ nìyí. Apọ́njú kì í dá ẹyinjú sí, ẹ sì wò ó, ẹyinjú wọn funfun báláú. Kí ni wọ́n ń lò?"

Mo fa ìgò náà yọ látinú àpò mi, mo ní nítorí ikọ́ òwúrọ̀ àti ojú wọn ni. Ó gbà á, ó ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó gbé e súnmọ́ ojú ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

"Mélòó lóòjọ́?"

"Méjì."

"Ta ló ní kí wọ́n lo méjì?"

"Ìfẹ́ ni," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ohun tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, tó ń mú màǹgòrò pọ́n, tó sì ń mú epo tèmi gan-an pupa, òun náà ni wọ́n kó jọ sínú hóró yẹn, pé ó ti pọ̀ jù lára ọkọ mi ló fi ń yọ lójú awọ. Ó ní àwọ̀ yẹn kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí a bá dín in kù, á parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Àbí? Ṣé mo wá fi ìkòkò epo mi sílẹ̀ ní Issaba, tí mo lọ ń ra epo lọ́wọ́ Mùíbì?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Tantí."

Mo pàtẹ́wọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fẹ́ẹ̀ jó nínú fáámásì ọmọ ọlọ́mọ. Zacharie pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Yolande gbé ìgò náà kalẹ̀, tó sì wo ojú rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló kù. Tọ́ńtọ́n, ṣé ẹ ń mu sìgá? Àbí ẹ ti mu ún rí?"

Zacharie la ẹnu. Mo rí i pé ó la ẹnu. Mo rò pé ó fẹ́ wúkọ́ ni.

"Sìgá kẹ̀!" ni mo wí. "Yolande, kí ló ṣe ọ́? Ṣé o gbàgbé irú ẹni tí à ń jẹ́ ni? Agogo ìjọ ni tọ́ńtọ́n rẹ ń lù! Sìgá kò mọ ọ̀nà ilé wa."

Yolande kò wò mí. "Tọ́ńtọ́n fúnra wọn ńkọ́?"

"Ẹnu kan náà ni èmi àti wọn," ni mo fèsì.

Zacharie pa ẹnu dé. Ó gbé ojú sókè sí fáànù tó ń yí lórí wa, ó ní, "Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Dákọ̀, ó dáa," ni Yolande wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ mi. "Mo bi yín nítorí pé àwọn oníṣègùn ti fi nǹkan yìí wò lára àwọn amusìgá rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Wọ́n rò pé á dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró wọn ni. Òdìkejì ni wọ́n rí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú àwọn tó ń lò ó ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹni tó ń mu sìgá, tàbí tó ti mu ún rí, kò gbọdọ̀ fẹnu kan hóró yìí. Kí ó jẹ kárọ́ọ̀tì, kí ó jẹ ẹ̀fọ́, kí ó jẹ epo, ìyẹn kò ní ewu fún un. Hóró yìí ni kó sá fún. Ẹ̀yin tí kì í mu ún, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹyọ kan péré, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ Tantí tó yín. Kí ẹ sì lọ rí dókítà nítorí ikọ́ yẹn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi jókòó sọ́kọ̀. Mo kọrin láti Sakété dé Pobè. Zacharie kò gbè é. Mo rò pé ó ń ṣọ́ kòtò ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹyọ kan fún un pẹ̀lú omi. Ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe wí, n kò kọjá ibẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí omi fi ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbé e mì jàre, àlejò kọ́ ni." Ó gbé e mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tún mú un lọ́wọ́, ife wà lọ́wọ́ kejì, èmi sì dúró tì í, nígbà tí ẹnìkan kí "Ẹ jí o" lẹ́nu ọ̀nà. Mikail ni. Ó ti rù díẹ̀. Ó ru àpò gàrí kan léjìká, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. Kì í ṣe ọkọ mi ló dọ̀bálẹ̀ fún o, èmi ni.

"Màmá Merveille, alẹ́ àná ni mo dé. Ara ìyá mi ti yá. Mo sọ fún wọn nípa yín, wọ́n ní bí mo bá dé Pobè, kí n má ṣí ṣọ́ọ̀bù kí n tó kọ́kọ́ wá dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Mo ní kó dìde, pé kí ni mo ṣe. Ẹ mọ bí a ti í sọ ọ́, nígbà tí inú wa ń dùn tí a sì fẹ́ kí wọ́n túbọ̀ máa dúpẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú ló gbé wá, èyí tó kan, tí n kì í jẹ, ṣùgbọ́n mo ní gàrí tó dára gan-an nìyí. Zacharie ti dìde. Ó ní, "Mikail, jẹ́ ká lọ sí gáráàjì, a ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ dé ìdí rẹ̀." Mikail wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ti ń pọ́n. "Màmá, àwa tí à ń fa sìgá, ta ní í ro tiwa? Èébú ni gbogbo ènìyàn ń bú wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláṣọ funfun, ẹ̀yin tí ìsìn yín kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ẹ ò bú wa. Oògùn lẹ fi ránṣẹ́. Bí Bàbá Merveille ti kó o jáde fún mi, wọ́n ní, 'Mikail, bí èmi àti ìwọ bá ti fa tiwa tán nírọ̀lẹ́, ká gbé ẹyọ kan mì, á máa fọ èéfín náà dànù láyà wa.' Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe kí n tó lọ. Mo ti lo tèmi tán. Mo tún ra ìgò méjì sí i ní Ìlaró. Ọlọ́run á san yín lóore."

Mo yíjú padà. Zacharie dúró gbagidi. Hóró náà wà láàárín ìka rẹ̀ méjì.

Mo gbá a lọ́wọ́. Hóró náà fò, ó bọ́ sílẹ̀, adìyẹ mi kan sáré sí i, mo sì lé adìyẹ náà yí ilé ká tí mò ń ké pé kó pọ̀ ọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ènìyàn kò bá tíì mọ ẹni tó máa lù, adìyẹ ni í kọ́kọ́ lé. Mo rí hóró náà mú, mo sọ ọ́ sínú ṣáláńgá, mo padà wá. Mikail ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọkọ mi, kò mọ ohun tó ṣe.

"Ọdún mélòó?" ni mo bi ọkọ mi.

"Mọ́kànlélógún. Ọdún tí ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ jóná."

Bọ̀nbọ́n. Eyín ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń fi bọ̀nbọ́n ṣe é lẹ́fẹ̀! Inú bí mi débi pé ojú mi ṣókùnkùn. Mo sọ̀rọ̀. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ níbí, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ lè kà á. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ tó ń fi aṣọ funfun bo èéfín. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jókòó síwájú Yolande, tó gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ yẹn sọ, tí kò lè la ẹnu.

Ó ní, "Mo là á."

Kò pariwo. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún rí ẹnu rẹ̀ bó ti là á lábẹ́ fáànù yẹn, mo gbọ́ ohùn ara mi: ẹnu kan náà ni èmi àti wọn. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan, mo dáhùn. Wọ́n tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo délé tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé hóró náà fún un, tí mo dúró tì í, tí mo ní àlejò kọ́ ni. Mo jókòó sórí àpò gàrí Mikail.

"Mo rò pé ẹyọ kan kò lè pa mí," ni ọkọ mi wí. "Lẹ́yìn náà mo ro ti Mikail, pé òun náà ń lò ó níbi tó wà, pé èmi ni mo fún un. N kò sùn láti ọjọ́ Ajé. Mo ní bó bá ti dé, màá sọ fún un, màá wá sọ fún ọ. Mò ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ ni."

Mikail ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo wá dúpẹ́, mo wá da ilé onílé rú. Ẹ dárí jì mí."

Mo dìde, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo gbé e dìde. "Mikail, gbọ́ mi. Ká ní o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ láàárọ̀ yìí, tí o ní o máa wá dúpẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, ọkọ mi ì bá ti gbé èyí mì, ìwọ náà ì bá ti máa lo tìrẹ lọ. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ dáadáa. Bá mi kí wọn. Èmi ni mo jẹ ọ́ lọ́pẹ́, kì í ṣe ìwọ." Bí mo ti ń wí i ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, omi sì bọ́ lójú èmi náà. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí Yolande sọ. Ó ní irọ́ ni. Ó ní, "Oúnjẹ ni, Màmá, kárọ́ọ̀tì ló wà lára rẹ̀!" Mo ní èmi náà ti gba kárọ́ọ̀tì yẹn gbọ́ rí. Mo ní kó lọ kó ìgò méjèèjì wá, kó wọ ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún gba ọ̀nà Sakété, àwa mẹ́ta. Mikail wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ di okùn ilẹ̀kùn mú. Láti Pobè títí dé Sakété ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún Yolande. Mo tò ó dáadáa: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe tàn mí, bí àdúrà mi ṣe tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi.

(Fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún àwọn méjèèjì lẹ́yìn náà mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa padà wá lọ́dọọdún, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú sìgá, pé kò sí hóró kankan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún wọn. Mikail ti jáwọ́. Zacharie ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ó fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́. Ẹlòmíràn ló ń lu agogo báyìí, kò sì mọ̀ ọ́n lù tó ọkọ mi. Mùíbì sì ti ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra ìgò oní-kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń mu sìgá, ó ń fi gbohùngbohùn bi wọ́n ni. Mo dúpẹ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó bọ́ sílẹ̀, mo máa ń tẹ́tí: bí ikọ́ kò bá sí, mo dúpẹ́, bí ó bá sì wà, mo dúpẹ́ pé mo mọ ohun tó fà á.)

A wọ fáámásì. Yolande ń ta oògùn ibà fún ìyá kan. Ó rí wa, ó rí ìgò lọ́wọ́ Mikail, ó rí ojú mi. Ó dúró títí ìyá yẹn fi jáde. Ó fa àga mẹ́ta síwájú wa.

"Tantí, kí ló dé?"

Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wà níbẹ̀, lórí ahọ́n. Mo wo Zacharie. Ó ti tẹrí ba, ó ń dúró kí n sọ tirẹ̀ fún un, bó ti ń dúró láti ọgbọ̀n ọdún.

Mo ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, mo mú bọ̀nbọ́n oní-mẹ́ńtì kan, mo tú u, mo sọ ọ́ sẹ́nu mi. Mo pa ẹnu dé.

Yolande wò mí. Kò rí irú rẹ̀ rí láti kékeré. Ó yíjú kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀, ó sì wo ọkọ mi. "Tọ́ńtọ́n," ló wí, "ṣé ẹ ń mu sìgá?"

Fáànù ń yí. Zacharie yíjú sí mi, mo rọra mi orí sí i. Bọ̀nbọ́n náà ń ta mí ní ahọ́n, mo há a mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì dúró. Mo ti ń rò ó pé kò ní lè sọ ọ́.

"Mò ń mu ún, Yolande," ni ọkọ mi wí. "Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún. Mikail náà ń mu ún. Èmi ni mo fún un ní hóró yìí. Àyà ń fò mí."

Yolande fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò lọ́wọ́ Mikail, ó kó wọn sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi, Tọ́ńtọ́n. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Yolande ń bi í ní ìbéèrè, Zacharie ń dáhùn. Mélòó lóòjọ́, láti ìgbà wo, ibo ló ń dùn ún. N kò mọ̀ pé ọkọ mi ní ohùn tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tí bọ̀nbọ́n náà yọ́ tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí lẹ́nu mi nínú gbogbo èyí tí mo ti tò bọ̀ láti Pobè, mo sì fẹnu sún mọ́ etí ọkọ mi kí n tó sọ ọ́.

"Bàbá Merveille," ni mo wí, "ẹ ṣé."